Irin Inú Kókó

"Félicité, kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú kókó yìí?"

"Okùn ni, Bàámi. Okùn nìkan."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Bàámi, Ṣóbándé, máa ń bi mí bẹ́ẹ̀ nílé wa ní Sakété, kí wọ́n tó wọ rélùwéè padà sí èbúté tuntun ní Kútọnu. Okùn tí a fi ń fa ọkọ̀ ojú omi wúwo, kò ṣeé jù. Nítorí náà, Bàámi yóò kọ́kọ́ ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí èbúté sí ọkọ̀ kékeré tí ń fa ọkọ̀ ńlá. Bonaventure, ọ̀rẹ́ wọn láti Pobè, ló ń gbá a mú níbẹ̀, tí wọn yóò sì fi fa okùn ńlá mọ́ra. Kókó tí a fi okùn ta, tó tóbi bí ọsàn, wà ní ẹnu okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà kí ó lè fò jìnnà; a kì í fi nǹkan líle sí i, kí ó má baà ṣe ẹni tí ń gbá a mú léṣe. Èmi ni mò ń ta kókó ọ̀hún, nítorí ọwọ́ mi ní sùúrù.

Lọ́dún yẹn, èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàámi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni okùn wọn kò dé ọkọ̀, tó bọ́ sómi. Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wọn ní èbúté, ní bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa lọ sílé. Ìdánwò sẹ́tífíkà tí n ó fi jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ku oṣù kan. Ìyá mi ti kú; bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, iṣẹ́ àgbàṣe lóko olóko ní Takon ló kù fún èmi àti àwọn àbúrò mi. Ẹ̀rù bà mí.

Mo tú kókó náà. Mo ki irin kékeré kan tí mo ṣà lẹ́bàá ojú irin sí i láàárín kí ó lè wúwo, kí ó sì fò dé ọkọ̀, mo sì ta á padà dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé ìrànlọ́wọ́ ni. Nígbà tí mo gbé e fún Bàámi, n kò lè wo ojú wọn.

Lọ́jọ́rú, mo ti ilé ìwé dé, mo bá Bàámi lórí àpótí nínú yàrá.

"Okùn náà fò," ni wọ́n wí. "Mo pariwo pé apá mi ti padà! Àfi bí ó ṣe ba Bonaventure lójú. Ṣẹ́ẹ̀fù gé kókó náà, irin já bọ́. Ó béèrè ẹni tó fi í síbẹ̀."

"Kí lẹ sọ, Bàámi?"

"Mo ní èmi ni. Ó lé mi."

Wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Mo wólẹ̀, mo ní, "Ẹ nà mí."

"Lọ jẹun," ni wọ́n dáhùn. Ìyẹn dùn mí ju pàṣán lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ rélùwéè lọ sí Pobè. Bonaventure wà lórí ẹní, aṣọ funfun bo ojú wọn ọ̀tún. Marcelline, ìyàwó wọn, ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo fi irin sí i, Bàbá. Bàámi kò mọ̀ rárá. Ẹ forí jì mí."

Marcelline káwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

"Ọmọ mi," ni Bonaventure wí, "mo rí kókó yẹn bó ṣe ń bọ̀. Àyè wà láti yẹ̀ ẹ́. Ká ní ẹlòmíràn ló jù ú ni, ǹ bá yẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣóbándé ni. Mo mọ̀ pé kò lè fi irin sí i."

Mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Bonaventure ránṣẹ́ sí èbúté láti wẹ Bàámi mọ́, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀fù kò gbà wọ́n padà. N kò ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Oko olóko ní Takon ni mo wà, ọkọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì ni mo tó ṣe ìdánwò náà, mo sì yege. Ojú ọ̀tún Bonaventure kò là mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ìṣòro lè mú yín wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ ó sì máa pè é ní ìrànlọ́wọ́. Ẹ rántí pé ẹni tó fọkàn tán yín ni kì í yẹ̀; òun náà ni ohun tí ẹ fi pamọ́ yóò bà.