Ooru Tó Ṣìnà Dé Òkukù

Olúwapẹ̀lúmi yọjú láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìka lu ilẹ̀kùn kókókó.

"Ṣìkẹ́mi, ṣé kọ̀ǹpútà yìí ló bí ọ ni? Bọ́ọ̀sì Inísà ti fẹ́ẹ́ kún o!"

"Mò ń bọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù."

"Nǹkan kan ṣoṣo! Mo ti jẹ gúgúrú mi tán, nǹkan kan ṣoṣo ṣì kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn fẹ́ lọ kọrin díje ní Inísà, òun ni yóò sì dá orin kí àwọn yòókù tó gbè é. Bí bọ́ọ̀sì bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò dá a?

Olúwaṣìkẹ́mi ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó wà ní SS2 ní Ìkìrun. Bí ilé ìwé bá ti parí, ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Olúbọ̀dé ló máa ń lọ láti kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá Olúbọ̀dé kò tíì dàgbà púpọ̀. Nígbà tó jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́, ó fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ilé òròmọdìyẹ ní Ìkìrun, ó ní ẹ̀rọ tó ń mú ata gbẹ ní Inísà, ó sì ní ẹ̀rọ ìsàba ní Òkukù, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ abo adìyẹ lórí ẹyin tí àwọn ará ìlú bá kó wá. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù Ìkìrun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gá to àwọn àṣẹ náà sínú kọ̀ǹpútà bí igi. Gbòǹgbò wà nísàlẹ̀. Àwọn ìlú ni ẹ̀ka ńláńlá, ẹ̀rọ tó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀ka kéékèèké, orí wọn sì ni ewé wà: ewé ooru, ewé omi, ewé afẹ́fẹ́. Ohun tí a bá kọ sára ewé ni ẹ̀rọ yóò ṣe. Ṣìkẹ́mi fẹ́ràn igi yìí gan-an. Nígbà míì, tí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, òun á ti gun igi náà lọ nínú ọkàn rẹ̀, á jókòó sórí ẹ̀ka Òkukù, á máa tẹ́tí sí ẹyin bóyá yóò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Ọ̀gá ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bi igi ní ìbéèrè. "Gbòǹgbò ni kí o ti bẹ̀rẹ̀," ó wí fún un. "Sọ ìlú, sọ ẹ̀rọ, kí o tó dárúkọ ewé. Ewé tó ń jẹ́ ooru kì í ṣe ẹyọ kan. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa, tí o kígbe pé 'Ìyá Ìbejì!', ìyá mélòó lo rò pé yóò dáhùn?"

"Mẹ́ta, sà."

"Mẹ́rin. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí tiẹ̀ ni."

Iṣẹ́ tí Ọ̀gá fi sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn kò le. Kó wá ewé ooru ti ata Inísà, kó kọ ọgọ́ta dígírì sí i, nítorí ata tí wọ́n kó dé tutù púpọ̀. Ó yẹ kó kọ ọ̀nà náà láti gbòǹgbò, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dìde.

"Awakọ̀ ti wọlé o!" Pẹ̀lúmi kígbe láti ìta.

Ṣìkẹ́mi wo ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà àbùjá kan wà. Ó lè sọ fún igi pé kó wá ewé yòówù tó bá ń jẹ́ ooru, kó sì yí èyí tó bá kọ́kọ́ rí padà. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ìyẹn kọ́ ni Ọ̀gá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó tún rò ó pé ata Inísà ni Ọ̀gá fọwọ́ kàn kẹ́yìn, ó ní láti jẹ́ pé òun náà ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ó ti yí padà," ni kọ̀ǹpútà kọ sójú. Kò sọ pé ti ibo ló yí padà, Ṣìkẹ́mi náà kò sì bi í. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sáré jáde.

Ní Inísà, wọ́n kọrin débi pé àwọn àgbà ìjọ dìde fún wọn. Nígbà tí Ṣìkẹ́mi gbé ohùn sókè ní ẹsẹ tó kẹ́yìn, ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí nílẹ̀ mọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé tí kò sí ilé ìwé, òun ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Fóònù ń dún. Ọkùnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ Inísà ni.

"Ẹ̀yin ará Ìkìrun, kí lẹ ṣe fún wa? Ata wa rọ̀ bí aṣọ tí òjò pa! Ooru yín dà?"

Ṣìkẹ́mi ṣí igi náà. Ewé ooru ti Inísà wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó wá wo ẹ̀ka àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá dá sórí igi náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkukù. Ẹyin. Ooru. Ọgọ́ta.

Ẹyin kì í fẹ́ ju mẹ́tàdínlógójì àti díẹ̀ lọ. Ṣìkẹ́mi dá ti Òkukù padà síbi tó wà, ó kọ ọgọ́ta sí ti Inísà, ó sì jókòó, ó ń wo igi náà. Ó rẹwà bí ó ti máa ń rẹwà. Ohun tó wà lára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀, kì í pa ohun àná mọ́. Kò sí ojú àpá kankan.

Ọ̀gá wọlé. "Ṣé kò sí wàhálà?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdíje kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ ní Òṣogbo, orúkọ rẹ̀ sì ni Ọ̀gá fi ránṣẹ́.

"Kò sí, sà. Ata Inísà ni, mo ti tún un ṣe."

"O káre. Mo mọ̀ pé mo lè gbára lé ọ."

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Ìyá Adétóun, opó kan tó ń gbé ní Òkukù. Òun ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹyin tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Àrùn ti pa gbogbo adìyẹ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó wá ń kó ẹyin jọ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ ní Eko Ẹndẹ kó lè tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti wá sọ́jà Ìkìrun, á yà sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi, ìwọ lo gbédè ẹ̀rọ. Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà."

"Ṣé wọ́n ń jẹun?" Obìnrin náà á bú sẹ́rìn-ín ara rẹ̀. "Mo ti ní kí káfíńtà kan ilé wọn. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dé ilé ayé ná. Mo ní ṣé kì í ra aṣọ ọmọ kí ìyàwó rẹ̀ tó bí ni?" Á wá fi ẹ̀pà sísun lé Ṣìkẹ́mi lọ́wọ́, á máa lọ. Ṣìkẹ́mi á di ẹ̀pà náà mọ́wọ́ títí yóò fi tutù. Kò lè jẹ ẹ́, kò sì lè dà á nù.

Ó sọ fún Pẹ̀lúmi. Pẹ̀lúmi wo ẹ̀yìn wò kó tó fèsì.

"Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi."

"Pa ẹnu ẹ mọ́ nígbà yẹn. Adìyẹ tó ń sàba gan-an, ṣé gbogbo ẹyin ẹ̀ ló ń pa ni? Tó o bá sọ̀rọ̀, o ò ní débi Òṣogbo o."

Nígbà tí ọjọ́ tí ẹyin yóò pa pé, Ọ̀gá mú Ṣìkẹ́mi dání lọ sí Òkukù. Àǹtí Ọdúnayọ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ níbẹ̀, ti gbálẹ̀, ó ti to páálí tí wọn yóò kó òròmọdìyẹ sí. Ìyá Adétóun náà ti wà lórí àpótí lẹ́bàá ògiri. Wọ́n dúró. Ẹyin kankan kò là, kò sí èyí tó yẹ̀ nípò rẹ̀, kò sí èyí tó dún. Nígbà tó yá, Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó fọ́ ọ. Òròmọdìyẹ wà nínú rẹ̀, ó ti fẹ́ẹ́ máa hu ìyẹ́, ojú rẹ̀ dì.

Ìyá Adétóun na ọwọ́, ó gbà á.

"Àǹtí Ọdúnayọ̀, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yìí?" Ọ̀gá bèèrè.

"Mi ò ṣe nǹkan kan, Ọ̀gá. Ọjọ́ kan wà tí yàrá yìí gbóná bí ààrò. Mo sáré wọlé wá wò ó. Iná aláwọ̀ ewé ló ń tàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin lẹ sì ní tó bá ti jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí n má fọwọ́ kàn án."

"Tó bá gbóná jù, iná rẹ̀ á pọ́n, á sì pariwo. Ṣé ẹ̀rọ ló wá ń parọ́ ni?"

Ṣìkẹ́mi mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í pariwo àfi tí ooru bá ju ohun tí wọ́n ní kó ṣe lọ. Ọgọ́ta ni wọ́n ní kó ṣe. Ohun tí wọ́n rán an ló ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ké.

Àǹtí Ọdúnayọ̀ yíjú sí i. "Ṣìkẹ́mi, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Ọ̀gá. Ìwọ lo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ṣé kò lè ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wọn wò ó.

"Mi ò mọ̀, mà," ló wí.

Ọ̀gá ní kí Àǹtí Ọdúnayọ̀ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Ṣìkẹ́mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù. Kò ní in lọ́kàn láti jẹ́wọ́. Ó kàn ra búrẹ́dì, ó fẹ́ lọ kí Àǹtí Ọdúnayọ̀ kú ìdààmú, bóyá ọkàn òun yóò fúyẹ́. Ó bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àtẹ.

"Ṣìkẹ́mi! O rántí mi. Ọlọ́run á rántí ìwọ náà." Ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Má dá Ọ̀gá lẹ́bi o. Mo ti rò ó títí. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni. Bóyá mo gbàgbé fèrèsé ni, bóyá mo fẹ̀yìn ti bọ́tìnnì kan. Èèyàn lè ṣe nǹkan kó má mọ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo sì ti lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Adétóun."

"Ẹ kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ Ṣìkẹ́mi. Ó ti rò pé iṣẹ́ nìkan ni òun gbà lọ́wọ́ obìnrin yìí. Àṣé òun ti gba ìmọ̀ tó ní nípa ara rẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì ti fi ẹ̀ṣẹ̀ òun dípò.

"Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin," ó wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. "Èmi ni. Èmi ni mo kọ ooru ata sórí ẹyin. Mo ń kánjú lọ kọrin."

Àǹtí Ọdúnayọ̀ gbé àtẹ ẹ̀gúsí kúrò lórí itan.

"Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì ẹ̀, mà. Láàárọ̀."

"Láti ọjọ́ kejì." Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le. "Pe Ọ̀gá kó wá. A máa pàdé níwájú Ìyá Adétóun."

Níwájú ilé adìyẹ tuntun tí kò sí adìyẹ nínú rẹ̀ ni Ṣìkẹ́mi ti sọ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó sọ̀rọ̀ dé ibi iná aláwọ̀ ewé, Ọ̀gá Olúbọ̀dé fi ọwọ́ borí. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Àǹtí Ọdúnayọ̀ nínú erùpẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Èmi náà jẹ̀bi. Mi ò fi ààlà sí ohun tí wọ́n lè ní kí ẹ̀rọ yẹn ṣe. Mo wá gba ẹ̀rọ gbọ́, mi ò gba èèyàn gbọ́."

Ó bẹ̀ ẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí Ọdúnayọ̀ ní òun yóò padà, bí wọ́n bá lè gbà kí òun máa pa ẹ̀rọ náà nígbàkigbà tí ara òun bá sọ fún òun pé ó gbóná jù, ohun yòówù tí iná rẹ̀ ì bá máa wí. Ọ̀gá gbà. Ó wá kọjú sí Ṣìkẹ́mi.

"Màá yí pásíwọ̀ọ̀dù padà. O ò ní fọwọ́ kan igi yẹn mọ́ títí mo fi máa sọ pé ó yá. Màá sì fi ránṣẹ́ sí Òṣogbo pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ."

Ṣìkẹ́mi mi orí. Kò bẹ Ọ̀gá. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Adétóun.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ìyá Adétóun wò ó. Ẹ̀rín tó máa ń rín ní ṣọ́ọ̀bù kò sí lójú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò sí níbẹ̀.

"Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. O kánjú, ó bàjẹ́. Èmi náà ti kánjú rí, mo ti fi iyọ̀ sínú ògì. Ẹyin tó jóná, mo ti gba kámú lórí rẹ̀. Ká ní o wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, màá bú ọ, màá sunkún, a ó sì jọ wá ẹyin mìíràn. Ṣùgbọ́n mo wá bá ọ, mo wá bá ọ, o ní wọ́n wà. O jẹ́ kí n kọ́lé fún òkú. O jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni kúnlẹ̀ fún mi." Ó fa Ṣìkẹ́mi dìde lápá, kò fà á mọ́ra. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni àṣìṣe, ọmọ mi. Gbogbo ọjọ́ tó kù, ìwọ lo yàn án."

Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé òtítọ́ ni.