Ẹsẹ̀ Tó Ń Sáré Lórí Pákó

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin èrò ọ̀nà, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ ná. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí omi lé wá sí ìlú tí kò ní òkun.

Olúkúnlé ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, tíṣà èdè Yorùbá. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ ní etíkun Ìlàjẹ, ní abúlé kan tí wọ́n kọ́ sórí omi. Orí òpó ni ilé wà, orí òpó ni ilé ìwé wà. Pákó tí wọ́n kàn mọ́ra ni ọ̀nà. Bí ènìyàn bá ń bọ̀, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti ròyìn rẹ̀ kó tó dé.

Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Òun ló ń bá wọn darí ìkómọ, òun ló ń bá wọn kọ ìwé sí ìjọba nígbà tí òkun bá jẹ ilẹ̀ wọn. Àwọn apẹja a máa gbé ẹja sẹ́nu ọ̀nà Oyèbísí, ìyàwó rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí: Ọlálékan, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga lẹ̀ mọ́ tíṣà yìí bí ìpẹ́ ṣe lẹ̀ mọ́ ẹja. Ọmọdé tó bá wá bá a gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó kí i, kó sì fi Yorùbá inú ìwé jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bó bá fi èdè abúlé rẹ̀ sọ ọ́, tíṣà á ní, "Jáde. Lọ tún un ṣe."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ilé ìwé ti parí, òun nìkan ló kù ní ọ́fíìsì, ó ń máàkì ìwé. Oyèbísí ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà, ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Olúkúnlé gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré lórí pákó. Àdúràgbèmí, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá láti ilé aládùúgbò náà, já wọlé láìkí i, ó ń fi èdè wọn pariwo.

"Ṣé ewúrẹ́ ni ọ́ ni?" Tíṣà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Jáde. Kúnlẹ̀. Kí mi."

Ọmọ náà jáde, ó kúnlẹ̀. Ẹkún kò jẹ́ kó parí ìkíni.

"Tún un ṣe."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ bí tíṣà ti fẹ́ ẹ. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, Ọlálékan ti ṣubú sínú omi. Ó di òpó mú."

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé, òpó wà níbẹ̀. Ọwọ́ kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú ju ikú lọ. Abúlé péjọ, Oyèbísí ń yí nílẹ̀, wọ́n bi tíṣà pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ yìí ni kò tètè pè mí. Ó dúró ṣeré lọ́nà."

Àdúràgbèmí ní rárá. Ta ni yóò gba ọmọdé gbọ́ níwájú tíṣà? Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó pa èrò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a ṣeré mọ́.

Olúkúnlé kó wálé, ó gba iṣẹ́ sí ilé ìwé kan ní Ìlá. Kò sí òkun lọ́dọ̀ wa. Òkè àti ọ̀pẹ ló yí wa ká. Síbẹ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ tán, á gbọ́ ọ: ẹsẹ̀ ọmọdé, ó ń sáré lórí pákó. Sìmẹ́ǹtì sì ni ilẹ̀ ibẹ̀! Ẹsẹ̀ náà á sún mọ́ ọn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn kékeré á ní, "Ẹ káàsán, sà." Á dákẹ́. Á tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàsán, sà." Kì í parí rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹmu kí etí rẹ̀ lè di. Àwọn ènìyàn ní ikú ọmọ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣàánú rẹ̀. Àánú yẹn gan-an ló ń gún un bí ẹ̀gún. Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ọdún mẹ́fà ni tirẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan láti kékeré, Adéwálé akọ̀pẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ bá a nídìí ọ̀pẹ lọ́nà Ọ̀rà, ó ní kó fún òun ní ẹmu.

"Tíṣà, o mọ̀ pé mi ò dá ẹmu mọ́. Jésù ti gba agbè lọ́wọ́ mi. Ẹyìn ló kù. Àbí wàá mu ún?"

Olúkúnlé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn, nínú igbó, níbi tí kò sí pákó kankan. Ó di ọ̀pẹ mú.

"Wálé, mo gbọ́ ọ! Nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn pariwo, mo gbọ́ 'omi.' Mo gbọ́ orúkọ ọmọ mi. Mo ṣì ní kó jáde." Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan irọ́.

Adéwálé gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀ràn yìí ju èmi lọ. Ké pe Jésù."

"Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Èmi tí mo ń kọ́ni lọ́rọ̀, mi ò rí ọ̀kan sọ."

"Ta ló ní kí o tò ó? Olè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúwa, ṣé ó ráyè kúnlẹ̀ ni? Wọ́n ti kàn án mọ́gi! Ó ní kí Olúwa rántí òun, Olúwa kò ní kó lọ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: bí ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ bá wẹ̀ ọ́, o ò ní lè gbé ẹrù rẹ ru ọmọ ọlọ́mọ mọ́."

Olúkúnlé dojú bolẹ̀. Èdè ilé tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tó ti ń tijú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di tíṣà, òun ni igbe rẹ̀ bá jáde. Igbe náà kò lórí, kò nídìí. Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́, ó jẹ́wọ́ fún Oyèbísí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni obìnrin náà kò fi bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó wé gèlè, ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọmọ yẹn."

Adéwálé bá wọn lọ. Òkun ti gbé ilé ìwé ibẹ̀ mì. Àdúràgbèmí ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Lójú gbogbo abúlé, tíṣà kúnlẹ̀ lórí pákó. Ọ̀rọ̀ tó ti tò láti Ìlá tú ká.

"Irọ́ ni mo pa. O ò pẹ́. Èmi... èmi ni mo..." Ẹkún kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wò ó títí. Ó fi èdè abúlé rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ dìde, sà. Mo ti gbọ́."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé pélébé yìí, ta ni ìwọ di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lé lórí? Ẹsẹ̀ ta ni ò ń gbọ́ nígbà tí ibi gbogbo bá dákẹ́? Má sọ pé ó di ọjọ́ tí o bá mọ àdúrà gbà. Jésù kò ní ní kí o jáde. Pè É bí ó ti rí lẹ́nu rẹ. Ọwọ́ rẹ ṣì wà lára òpó báyìí. Ta ló mọ ìgbà tí yóò yọ̀? Lónìí ni, ọ̀rẹ́ mi.

Adéwálé akọ̀pẹ ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́, nídìí ọ̀pẹ kan náà, lọ́nà Ọ̀rà. Ó ní Olúkúnlé ṣì ń gbọ́ ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti gbọ́ ọ, á dìde, á lọ ṣílẹ̀kùn.