Re, Mí, Mí, Re

Anpilifáyà náà gbóná kí a tó tan iná sí i. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fágbénró ní Ọjà-Ọ̀dàn, mo sì yára mú ọwọ́ kúrò. Iná ìjọba kò sí láti ọjọ́ mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ bàbá náà sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tutù bí omi àmù. Mo sọ fún ara mi pé oòrùn ló pa á. Ṣùgbọ́n oòrùn kì í wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni. Wọ́n ti ti bọ́dà pa láti oṣù kẹjọ, ọjà Kútọnu kò wọlé mọ́, àfi èyí tí àwọn onífàyàwọ́ bá gbé gba inú igbó. Èmi Gideon, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní Ìlaròó, tó tún ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo ń wá anpilifáyà àlòkù kan kí ìkórè tó dé.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé mo le koko lórí ọ̀rọ̀ ohùn. Ohùn méjì ni mo fẹ́ lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo: ohùn tó mọ́ gaara fún orin ìsìn, kí a máa gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti ohùn gbígbóná fún ìgbà ìyìn, èyí tó há díẹ̀ bí ọ̀fun oníwàásù tó ti ń pariwo láti àárọ̀. Ọ̀pọ̀ àlòkù ló mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ènìyàn dán méjèèjì wò kó tó sanwó. Mo ti wí èyí títí ó fi sú àwọn ẹgbẹ́ akọrin. Mo wí i fún àbúrò mi Kòkúmọ́ náà, lọ́jọ́ tí mo rán an lọ sí Kútọnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ni mo rán an. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti bọ́dà pa gan-an ni, mo ní kó yára lọ kí nǹkan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pè mí láti ọ̀hún. "Bùrọ̀dá, mo ti rà á o. Ó mọ́, ó sì gbóná. Ẹ máa gbádùn ẹ̀." Nígbà tó ń bọ̀, ọkọ̀ ìrẹsì àwọn onífàyàwọ́ kọlu ọ̀kadà tó gbé e nínú igbó. Alfred ọlọ́kadà nìkan ló yè é. Òun àti àwọn ará abúlé kan ló sin Kòkúmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lápá ọ̀hún bọ́dà, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé òkú kọjá. Fóònù rẹ̀ àti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni Alfred mú wá fún wa. Ó ní nígbà tí ojú òun là, òun kò rí anpilifáyà náà mọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, Màámi sin ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó bí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kòkúmọ́. Láti ọjọ́ tí Alfred ti wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn: "Ẹ bá mi gbé ọmọ mi wálé." Wọn kì í sùn. Èmi náà kò lè wo ojú wọn.

Bàbá Fágbénró tan jẹnẹrétọ̀. Mo so gìtá mi mọ́ anpilifáyà náà, mo sì fi bọ́tìnnì àkọ́kọ́ sí ìwọ̀nba. Ohùn tó jáde mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rẹ́rìn-ín. Bí mo ti fẹ́ yí bọ́tìnnì kejì, èyí tó ń mú ohùn gbóná, bàbá náà di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà, ẹ má yí ìyẹn níbí," ó rọra wí. "Àwọn ṣọ́jà wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, ọjà òkèèrè ni wọ́n ń wá kiri, ariwo rẹ̀ á sì pè wọ́n wá. Ẹ yí i bí ẹ bá délé."

"Bàbá, báwo ni mo ṣe máa ra ohun tí n ò tíì dán wò tán?"

"Ẹ ṣáà fetí sí èyí tó mọ́ yẹn ná."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn mọ́lẹ̀, kí n lè gbọ́ bóyá ẹ̀rọ náà ń kùn. Kò kùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn gìtá mẹ́rin jáde nínú rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan: re, mí, mí, re.

Ọwọ́ mi ṣì wà lórí okùn. N kò ta nǹkan kan.

Láti kékeré ni èmi àti Kòkúmọ́ ti máa ń fi gìtá bá ara wa sọ̀rọ̀ láti yàrá sí yàrá. Bí Màámi bá se oúnjẹ tán, màá ta mí, re, re: wá jẹun. Òun á jókòó pa sí yàrá tirẹ̀, á ní, "Bùrọ̀dá, ṣé 'wá jẹun' ni àbí 'má jẹun'? Ohùn kan náà mà ni!" A ó rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ á fi tutù. Àwàdà yẹn ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi títí di òní, pé àmì ohùn nìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Re, mí, mí, re. Ó tún dún. Ó fa èyí tó kẹ́yìn gùn díẹ̀, bí Kòkúmọ́ ṣe máa ń fà á.

Ẹ wá gbé mi.

Kò sí ìtumọ̀ mìíràn tó wá sí mi lọ́kàn. Àbúrò mi tó wà nínú igbó ló ní kí a wá gbé òun wálé. Mo jókòó sórí gálọ́ọ̀nù epo kan.

"Bàbá, ta ló gbé èyí wá fún yín?"

"Onífàyàwọ́ ni. Ó ní láti apá Pobẹ̀, lọ́hùn-ún bọ́dà." Kò wo ojú mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ máa gbé e lọ. Láti ọjọ́ tó ti dé, n ò lè dá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́."

Èmi tí mo máa ń ná ọjà títí ọlọ́jà á fi bínú, n kò ná an rárá.

Sátidé ni, ó ń lọ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo dé Ìlaròó. Iná wà. Mo gbé anpilifáyà náà síwájú Màámi, mo so ó mọ́ iná, mo sì sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn. Wọ́n fà sún mọ́ ọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e.

"Ó lọ́wọ́ọ́rọ́," ni wọ́n wí.

Re, mí, mí, re.

"Ó ní kí a wá gbé òun, Màámi."

"Mo gbọ́. Ọmọ mi ni." Omi ń dà lójú wọn. Wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti aṣọ tó bo sípíkà náà. "Kòkúmọ́, a ti gbé ọ délé, ọkọ mi. Ó ti rẹ̀ ọ́ jù. Máa sùn."

Re, mí, mí, re. Ó yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Re, mí, mí, re. Re, mí, mí, re.

"Ó ń yọ̀," Màámi wí.

Èmi náà rò pé ayọ̀ ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa, mo bá yí bọ́tìnnì kejì. Ohùn gbígbóná kì í fi nǹkan pa mọ́: gbogbo ìkùnsínú tó wà lábẹ́ ohùn mímọ́ ló máa ń tú síta. Ohùn gìtá náà há, ó nípọn, ó sì di ohùn ènìyàn nínú pálọ̀ wa. Mo gbọ́ bí ètè méjì ṣe pàdé kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "wá" kì í pa ètè dé.

"Ẹ má gbé mi! Bùrọ̀dá, ẹ má gbé mi!"

Ó dákẹ́. Iná ṣì wà, gílóòbù ṣì ń tàn. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn anpilifáyà náà, ó ti tutù. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn!

"Kí ló wí?" Màámi bi mí.

"N kò gbọ́ ọ dáadáa," ni mo fèsì. Ojú wọn fi hàn pé wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, obìnrin kan wá sílé wa, eruku bò ó dé orúnkún. Ó ní Mẹ̀dínátù ni orúkọ òun. Láti Pobẹ̀ ló ti wá, ó gba inú igbó dé Ọjà-Ọ̀dàn, Bàbá Fágbénró ló sì júwe wa fún un. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò gbà kí a fà á dìde.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, àpótí ohùn ọkọ mi ni mo wá gbà. Èmi ni mo tà á. Látìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, ata mi ń jẹrà, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ọkọ mi wà lóko nígbà tí mo gbé e fún onífàyàwọ́. Nígbà tó dé, kò bá mi jà. Ó kàn bèèrè apá ibi tí wọ́n gbé e lọ. Mo ní apá Ìlaròó. Ó ní, 'Mẹ̀dínátù, bí wọ́n bá fi gbọ́ ohùn mi nílé, mo ti lọ nìyẹn.'"

Mo bi í ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́ kí n tó bèèrè.

"Kòkúmọ́. Oṣù kẹjọ ló dé ọ̀dọ̀ wa, tòun ti àpótí yẹn lórí rẹ̀. Ó máa ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ òun kì í purọ́."

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà ní ilé ìwé wa, ẹni tó kú síbì kan tó tún lọ ń gbé níbòmíràn, tó ń pòórá bí ará ilé bá ti mọ ibi tó wà, èmi ni mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Báyìí, mo yíjú wo anpilifáyà náà.

"Níbo ló wà?" Màámi bèèrè, wọ́n rọra bèèrè rẹ̀.

"Sátidé, ní ìrọ̀lẹ́, a jọ ń jẹun. Ó dédé dìde, ó ń jà bí ẹni tí wọ́n ń fà. 'Ẹ má gbé mi! Ẹ má gbé mi!' Mo di apá rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, 'Màámi ní kí n máa sùn.' Ó dùbúlẹ̀. Mo yíjú pé kí n bu omi fún un, Màmá. Nígbà tí mo máa yíjú padà, ẹní nìkan ni mo bá."

Màámi fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu tí wọ́n fi sọ ọ́.

Mẹ̀dínátù bẹ̀ wá pé kí a tan án, bóyá yóò tún sọ̀rọ̀. Mo so ó mọ́ iná. Ohùn mímọ́ náà mọ́ gaara, ohùn gbígbóná náà gbóná dáadáa, kò kùn, kò já. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń wá anpilifáyà kiri, n kò tíì rí èyí tó dára tó o. A dúró, a dúró, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. N kò lè gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Mo gbé gìtá, mo ta á fúnra mi: re, mí, mí, re.

Màámi gbé ojú sókè wò mí.

"Gideon," ni wọ́n wí, "èwo lo ta yẹn?"