Ilẹ̀ Tí Díákónì Gbá

Ọkùnrin kan dúró láàárín pápá ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ní Ìwó, ó na ọ̀pá gígùn kan sókè, ó so aṣọ funfun mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, ó sì ń wo aṣọ náà láìṣẹ́jú. Eruku ọyẹ́ ti bo bàtà rẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà lábíyá.

Ẹlòmíràn ì bá kọjá lọ. Ṣùgbọ́n Wùmí, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, kì í kọjá lára ohun tí kò bá yé e. Ọkùnrin kan láti Òṣogbo ti wá dẹnu kọ ọ́ rí. Ìbéèrè ló fi lé e padà sí Òṣogbo. Èmi ò bá a wí o. Ẹni tí ìbéèrè lásán bá lè lé, kó tètè máa lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Ṣé aṣọ lẹ ń sá ni?"

"Rárá o, màdáàmù. Afẹ́fẹ́ ni mò ń wò."

"Kí ni afẹ́fẹ́ ṣe fún yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Hẹlikọ́pítà kan ń bọ̀ wá balẹ̀ síbí ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá, kí n lè mọ ibi tí yóò kọjú sí."

Wùmí gbé àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ wá lọ̀rọ̀ náà! Ọládùnní ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ oníkòkó, fẹ́ ṣègbéyàwó pẹ̀lú lọ́yà kan ní Ìbàdàn, lọ́yà náà sì ti búra pé ìyàwó òun kò ní jẹ eruku ọ̀nà kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó yá hẹlikọ́pítà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní Èkó. Ọdún 1958 nìyí, àwọn ará ìlú kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, bàlúù alábẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rò pé àwàdà olówó ni. Ọkùnrin tó ń wo afẹ́fẹ́ yìí, Olúdáre, ni ilé iṣẹ́ náà rán ṣáájú láti ṣètò ibi tí ìyàwó yóò ti gbéra.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wà á?"

"Òyìnbó ló ń wà á. Ilẹ̀ lèmi máa ń dúró sí."

"Ẹ ò wọ̀ ọ́ rí?"

"Mo ti wọ̀ ọ́ rí."

"Báwo ni ìlú ṣe ń rí láti òkè?"

Olúdáre sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í ní èyí rí. "Ó máa ń kéré," ló wí nígbẹ̀yìn. "Á kàn máa ṣe èèyàn láàánú ni."

Wùmí ro ìdáhùn yìí délé, ó rò ó dé ìdí ààrò, iṣu alẹ́ sì jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àfi kí wọ́n wọn ìyàwó, nítorí ẹ̀rọ náà kò lè gbé ju òyìnbó, ìyàwó àti ẹnì kan péré. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí òṣùwọ̀n tó lè gbé èèyàn? Orí òṣùwọ̀n kòkó bàbá rẹ̀ ni Ọládùnní gùn, ó ń pariwo pé òun kì í ṣe àpò. Wùmí, tí yóò bá a lọ, gùn ún tẹ̀lé e. Olúdáre wo òṣùwọ̀n, ó wo Wùmí, ó gbàgbé èyí tó yẹ kó kà.

"Mélòó ni?" Wùmí béèrè.

"O fúyẹ́."

"Ṣé nọ́ńbà nìyẹn?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n òun ni mo rí."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sìn ín délé. "Olólùfẹ́ mi," ló wí nírọ̀lẹ́ kan, "tí ẹ̀rọ yẹn bá dé, òkè ni gbogbo ayé máa ń wò. Ìwọ nìkan lo bi ẹni tó wà nílẹ̀ léèrè ohun tó ń ṣe." Wùmí fẹ́ràn rẹ̀ láti ọkàn wá, kò sì fi pa mọ́.

Ó wá ku bàbá. Díákónì Matthew, bàbá Wùmí, ló ń tọ́jú pápá náà. Nígbà tí Olúdáre dọ̀bálẹ̀ tó ní òun fẹ́ fẹ́ Wùmí, bàbá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Ó ní kó wá sí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ohùn Díákónì kò dára. Tó bá ń kọrin, àwọn ọmọdé máa ń yíjú padà wò ó. Lẹ́yìn ìsìn, ó fa Olúdáre sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Báwo lo ṣe rí orin mi?"

"Ó dára gan-an, sà. Ohùn yín dùn bí oyin."

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá pe ọmọ rẹ̀. "Wùmí, n ò lè fi ọ́ fún ọmọkùnrin yẹn. Mo mọ bí ohùn mi ṣe rí. Ẹni tó lè tìtorí ìyàwó purọ́ lójú kòrókòró, tó bá fẹ́ ẹ tán ńkọ́? A ò mọ ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan la ní."

Wùmí sunkún, ó sì kó ìjà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Olúdáre. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. N ò fẹ́ pàdánù rẹ."

"Ẹ ti ń pàdánù mi báyìí."

Ọjọ́ ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Olúdáre ní láti lọ ṣètò ibi tí ìyàwó yóò balẹ̀ sí ní Ìbàdàn. Ó bẹ Díákónì kí wọ́n bá òun gé koríko pápá mọ́lẹ̀, ó sì lọ.

Nígbà tó padà dé láàárọ̀ Sátidé, ẹnu yà á. Kò sí koríko kankan mọ́. Díákónì ti kó àwọn ọkùnrin ìjọ jọ, wọ́n ti fi ọkọ́ ro ó tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sì ti gbá a bí a ṣe ń gbá iwájú ilé de àlejò pàtàkì. Ilẹ̀ pupa gbẹrẹfu tẹ́ lọ salalu. Bàbá dúró létí rẹ̀ nínú agbádá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ta ní ń gé koríko fún àlejò?" ló wí. "A ti gbá a. Ṣé o rí bó ṣe mọ́? Àbí kò dára?"

Gbogbo àgbà ìjọ ń wo Olúdáre, wọ́n ń retí ìdúpẹ́. Ó mọ̀ pé tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ náà bá dé orí ilẹ̀ yìí, gbogbo eruku rẹ̀ ni yóò dìde. Òyìnbó kò ní rí ilẹ̀ mọ́, ó sì lè já. Ó wo Wùmí tó dúró ti ìyàwó. "Ó dára, sà" ti wà létè rẹ̀. Tó bá tàbùkù bàbá yìí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò tún fún un lọ́mọ?

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku náà.

"Kò dára, sà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ ti ṣiṣẹ́ gan-an, sà, èmi ni mi ò ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n kò dára. Eruku yìí lè pa èèyàn. Tó bá wà báyìí, màá fi aṣọ pupa juwọ́ sí òyìnbó pé kó máa padà lọ."

Ìyàwó bú sẹ́kún. Àgbà kan kígbe pé, "Ẹ gbọ́, ó ń rí Díákónì fín!"

"Tí ilẹ̀ náà bá tutù ńkọ́?" Wùmí béèrè.

"Eruku kò ní lè dìde," Olúdáre dáhùn láti ilẹ̀.

Díákónì wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó kó o lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Níbo ni garawa wà?"

Ni wọ́n bá kọjú sí kànga ilé ìwé. Fàtímọ̀, aládùúgbò wọn, kó gbogbo ará ilé rẹ̀ jáde tìkòkò-tìkòkò. Àwọn bàbá mọ́sálásí gbé bùtà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n ń wọ́n omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Díákónì ló ṣáájú gbogbo wọn, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Nígbà tí ariwo ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti apá Ìbàdàn, pápá ti tutù látòkè délẹ̀. Ẹ̀rọ náà balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyàwó bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, ó wọlé. Wùmí tẹ̀ lé e.

"Bá mi wo ìlú dáadáa," Olúdáre wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Wùmí wò ó. Páànù ilé ń dán, ọ̀nà Ilé-Ogbó tín-ín-rín, Ìwó kéré, ó sì ṣe é láàánú lóòótọ́. Ó rí ọkùnrin méjì lórí ilẹ̀ pupa, ọ̀kan nínú wọn di èkejì lápá mú. Ẹ̀rọ ti jìnnà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti kúrò lára wọn, síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́rì gbé Wùmí padà dé. Olúdáre ń dúró dè é níbùdókọ̀, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rí yín láti òkè," ni Wùmí kọ́kọ́ sọ. "Kí ni bàbá mi dì yín mú sí?"

"Wọ́n tún bi mí nípa ohùn wọn."

"Yéè! Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kò dára rárá, sà."

Wùmí fọwọ́ bo ẹnu. "Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní, ìgbà wo làwọn èèyàn mi ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá tọrọ rẹ? Mo ní kí n bi ọ́ ná."

Wùmí wá ìbéèrè tì nínú ara rẹ̀.

"Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀," ló wí.

Wọ́n rìn lọ sílé. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn Díákónì, ó ń kọrin nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró lójú ọ̀nà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi parí.