Líìfù

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Káfíńtà kọ́kọ́ wọ kíláàsì àwọn àgbà, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ló bá lójú pátákó: líìfù.

"Ó lè jẹ́ kúrò," ni Tíṣà wí. "Ó lè jẹ́ fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ fi jogún, tàbí fi lé ẹni lọ́wọ́. Ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Òun náà ni."

Káfíńtà mi orí. "Ọ̀rọ̀ kan, iṣẹ́ márùn-ún! Ẹ fún un ní líìfù, Tíṣà."

Ẹ̀rín pa Tíṣà. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Kí ọdún tó yí po, Káfíńtà ti kan àga kan fún un, èyí tó ní ẹ̀yìn gíga.

Màmá Tíṣà kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Nígbà tó gbọ́ bí wọ́n ṣe pàdé, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Líìfù? Bàbá ẹ lọ líìfù ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún kejìdínlógún rèé. Ọ̀rọ̀ tó ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin yìí náà ló máa mú un jáde."

"Ọ̀rọ̀ lásán ni, Màmá."

"Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ojú lo máa fi rí i."

Kò pẹ́, ilé iṣẹ́ kan nílùú òkèèrè ránṣẹ́ pe Káfíńtà. Rélùwéè ọjọ́ Ẹtì ni kó wọ̀.

"Tí màmá ẹ bá fi ọ́ fún mi, mi ò lọ mọ́," ló wí. "Tí kò bá gbà, kí ni mo ń dúró ṣe? Ìwọ ni kó o sọ fún mi, olólùfẹ́ mi."

Lọ́jọ́bọ̀, Tíṣà kọ lẹ́tà sí i. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn, kí Káfíńtà lè mọ èdè náà, kí Màmá má sì rí i kà. Káfíńtà á kọ ìtumọ̀ sábẹ́ rẹ̀, Tíṣà á fi bírò pupa máàkì í. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni tọjọ́ náà: Leave my mother to me. Líìfù ló ṣáájú. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé: fi màmá mi sílẹ̀ fún mi, mo mọ bí mo ṣe máa bá a sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó kúnlẹ̀ ti Màmá, ó bẹ̀ ẹ́.

"Ó dáa. Mú un wá kí n wò ó."

Tíṣà sáré. Kò gbọ́ ìró ayùn láti ojú títì. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ti gbálẹ̀ mọ́ féfé. Ìṣó tí ayùn máa ń kọ́ lé wà lára ògiri, lófo.

Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì iṣẹ́. Káfíńtà ti kọ ìtumọ̀ sábẹ́ rẹ̀, fínnífínní bó ṣe máa ń ṣe:

Fi mí sílẹ̀ fún màmá mi.

Lábẹ́ ìyẹn: Mo ti gbọ́, olólùfẹ́ mi.

Fèrè rélùwéè dún lókèèrè.

Tíṣà yọ bírò pupa. Ó fa ìlà kọjá lára ìtumọ̀ náà, ó kọ èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kà á.

Nígbà tó délé, Màmá ti nu àga ẹlẹ́yìn gíga náà, ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà de àlejò.

"Òun dà?"

"Ó lọ líìfù, Màmá."

Màmá kò béèrè ọ̀sẹ̀ mélòó.