Ogún Eyín Lórí Ògiri Iwájú

"Thurstan, ògiri ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Ẹ bi ọkọ yín, ìyá wa. Eyín ni wọ́n ní kí n máa gbẹ́."

"O ò tíì gbẹ́ ẹ tán?"

"Mẹ́rìnlá ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé Olóyè Ranulf, aládùúgbò wa, ní mẹ́rìndínlógún, ni wọ́n bá ní kí n sọ tiwa di ogún."

Hawise mí kanlẹ̀ níwájú agbẹ́-òkúta náà. Ní Northumberland, lẹ́bàá ààlà, nígbà náà, ìkórè kì í kọjá kí àwọn ará Skọ́tíláǹdì má wá kó màlúù. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé eyín sórí ògiri ilé rẹ̀, àwọn òkúta ńlá tí tafàtafà ń sá sí lẹ́yìn, láìgba ìwé lọ́wọ́ Ọba. Ọdún mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀, Olóyè Fulk, fi dúró de ìwé yìí. Ọjọ́ tó dé, tòun ti èdìdì ìda tó fẹ̀ bí àwo, ó gbé e ká ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà, iwájú ilé tó kọjú sọ́nà nìkan ló ń rí. Lẹ́yìn, níbi tí odò kò ti mu ẹlẹ́dẹ̀ dé ikùn, ọgbà igi híhun ló wà. Àgbò kan ti kàn án wó lẹ́ẹ̀mejì.

Orí ilẹ̀ bàbá Hawise ni ilé náà wà. Ibẹ̀ ló bí ọmọ mẹ́rin sí. Ó ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Fulk bi í bóyá ẹ̀yìn ni àlejò ń gbà wọlé.

"Olówó orí mi, ọ̀tá kì í ṣe àlejò."

Fulk ní obìnrin ò mọ ọ̀rọ̀ ogun.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kórè ọkà bálì ni ogun dé. Fulk to tafàtafà mẹ́sàn-án sẹ́yìn ogún eyín rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ọ̀nà ni wọ́n ṣì ń wò nígbà tí èéfín láti ẹ̀yìn ta sí wọn nímú. Odò ni àwọn ọ̀hún gbà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, màlúù ti lọ, òrùlé gbọ̀ngàn ti jó wálẹ̀. Eyín kan ṣoṣo kò ṣí nípò.

Lọ́jọ́ kejì, Hawise di ìwọ̀nba ẹrù tó kù sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Fulk tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kò ní í dára kí àwọn ṣe òrùlé báyìí. Òun yóò kọ̀wé sí Ọba lónìí yìí, kí ó fún òun láṣẹ ògiri ẹ̀yìn tòun ti eyín ná. Kí Hawise ṣáà ní sùúrù.

Hawise gun ẹṣin rẹ̀.

"Tí èsì Ọba bá dé, ẹ kà á sétí àwọn àgùntàn tí yóò máa jẹko nínú gbọ̀ngàn yín. Ilé ẹ̀gbọ́n mi lèmi ń lọ."