Ìgò Itọ́ Olúwabùnmi

Olè tó wọ ilé opó tíṣà ní Hwolshe, nílùú Jos, lọ́jọ́ náà mọ ohun tó ń wá. Fóònù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò fọwọ́ kàn án. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, ẹ̀gbà ọrùn wúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bojú wò wọ́n. Ìgò itọ́ kékeré kan péré ló gbé lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, itọ́ ni. Olúwabùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí opó náà ní, ló tutọ́ sínú ìgò ọ̀hún láti fi ránṣẹ́ sí òkè òkun fún àyẹ̀wò DNA, èyí tí wọ́n fi ń mọ ibi tí àwọn baba ńlá ẹni ti ṣẹ̀ wá. Jos ni ọmọ náà dàgbà sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Níbi iṣẹ́, àwọn ọmọ Èkìtì ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yorùbá ayédèrú ni. Ó fẹ́ kí àyẹ̀wò náà pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Súnkànmí ló gba ẹjọ́ náà, ọmọ Jos bíi ti Olúwabùnmi, ọkùnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó bá fèrèsé ní ṣíṣí, ó rí ọ̀dà funfun tó ní àmì ìka lára férémù, ó sì béèrè ẹni tó ń kun ilé. Wọ́n ní Jóṣúà ni, ará Angwan Rukuba. Wọ́n lọ mú un. Jóṣúà ní òun ló kun fèrèsé, báwo ni ọwọ́ òun kò ṣe ní í kàn án?

“Ọ̀gá, kí ni mo fẹ́ fi itọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Tèmi gan-an, gọ́tà ni mò ń tu ú sí.”

Àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tì í mọ́lé. Súnkànmí ló fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ ń jó èèyàn lójú. Súnkànmí bá Màmá Theresa, ìyá Olúwabùnmi, Theresa ni orúkọ tirẹ̀ gan-an, lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú fúláàsì kunu acha, ẹ̀kọ mímu gbígbóná àwọn ará Jos, àti aṣọ ìbora kan. Ó ní Jóṣúà ni òun gbé e wá fún.

“Ẹ kú àárọ̀, mà. Olè yín lẹ se kunu fún?”

“Ọmọ ẹnì kan lòun náà,” ni ìyá náà wí, ilẹ̀ ló ń wò. “Ṣé wọn ò nà án?”

Súnkànmí ní wọn kò nà án. Màmá Theresa mí kanlẹ̀, ó sì yà lọ. Inspẹ́kítọ̀ dúró, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó bi Olúwabùnmi léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́ nípa àyẹ̀wò náà. Ọmọ náà ní Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá itọ́ lè sọ ẹ̀yà tí èèyàn ti wá ní tòótọ́, kò sì jẹun alẹ́ mọ́.

Ni Súnkànmí bá mú Jóṣúà jáde pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gba Hwolshe lọ. Ó dá a dúró síwájú Màmá Theresa nínú pálọ̀, Olúwabùnmi sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Mà, mo fẹ́ wo àpótí aṣọ yín.”

Ìyá náà jókòó, Súnkànmí sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Ẹ bi mí bóyá wọ́n na ọkùnrin yìí, ẹ ò bi mí bóyá a ti rí ìgò. Ẹ mọ ibi tó wà ni. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kó lè dà bíi pé ìta ni olè gbà wọlé. Olè lásán ì bá ti da nǹkan náà sí gọ́tà. Ṣùgbọ́n ìyá wo láàárín wa ni yóò da itọ́ ọmọ rẹ̀ síta, kí ẹlẹ́nìní lọ bù ú? Ẹ ò lè dà á nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ni.”

Màmá Theresa wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ Jóṣúà. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé ọ̀já àtijọ́ kan jáde, ọ̀já tó fi pọn Olúwabùnmi. Ìgò náà wà láàárín rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ lọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún tí ìjà ẹ̀sìn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, Angwan Rukuba ni òun àti ọkọ òun ń gbé, wọn kò rọ́mọ bí. Maimunah, ará ilé kejì, na ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sí Màmá Theresa lórí ògiri, ó ní kó bá òun gbé e kí òun fi wá ọkọ òun lọ. Kò padà dé kí àwọn tó sá lọ sí Hwolshe.

“Mo sọ fún ara mi pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jà Dadin Kowa. Ó ń fi ọwọ́ wọn bí ọmọ rẹ̀ ṣe tó han àwọn èèyàn, ó ń béèrè. Olúwabùnmi, ìwọ ń sùn lẹ́yìn mi. Mo fi ìborùn bò ẹ́ lójú, mo gba ẹ̀yìn ọjà lọ.”

Súnkànmí tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ó sì bẹ Jóṣúà. Jóṣúà ń ra ọrùn ọwọ́.

“Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe yín, mà,” ló wí jẹ́ẹ́.

Màmá Theresa kúnlẹ̀ fún un.

Olúwabùnmi yíjú sí ìyá rẹ̀. Hausa ló fi béèrè orúkọ tí Maimunah ń pe òun.

“Lámí,” ni ìyá rẹ̀ wí. Láti ọjọ́ orí ògiri yẹn, kò tíì pe orúkọ náà síta rí.

Olúwabùnmi gba ìgò náà. Ó gba ọ̀já pẹ̀lú, ó fi wé e padà bó ṣe wà, ó sì gbé e mọ́ àyà.

“Ẹ wọ bàtà yín, Màmá. Ká kọ́kọ́ lọ wẹ orúkọ Jóṣúà mọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ fi itọ́ yìí ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò.”